Àga Jíìpù Tó Ké bí Ẹlẹ́dẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Gángan

Wọ́n ní àga mọ́tò kan ké bí ẹlẹ́dẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Gángan. Wọ́n ní kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ló ké o. Bí Yẹ̀kínì tó ń fọ àga mọ́tò ṣe ń nù ún ló ń dá a lóhùn, títí tí Morufat tó ń ta gààrí lódìkejì fi gbé igbá rẹ̀ wọlé. Nígbà tí ìròyìn náà máa fi dé Olówógbowó, àga ti ní imú. Ẹnìkan tó búra pé ojú òun méjèèjì ló ṣe é ní ó ní ìrù pẹ́ńpẹ́ tó lọ́ mọ́ra lẹ́yìn, níbi tí bẹ́líìtì máa ń wà. Àwọn tó mọ ohun gbogbo sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún àwọn tí kò mọ nǹkan kan: ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni Yẹ̀kínì ń yọ́ sínú ike ìpara rẹ̀, òun ló ń fi ra àga mọ́tò àwọn Mùsùlùmí tó fi ń dán bẹ́ẹ̀, tí àwọn ẹni ẹlẹ́ni á wá jókòó lé e lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n á ti ibẹ̀ bọ́ sí mọ́sálásí.

Bí irọ́ bá ti ní imú, tó tún ní ìrù, ẹsẹ̀ ló kù, ẹsẹ̀ ọ̀hún kì í sì í pẹ́ hù ní Èkó.

Ẹni tó bá mọ Yẹ̀kínì dáadáa á mọ̀ pé bí wọ́n bá ní ó jí mọ́tò gbé, èèyàn ṣì lè rò ó wò. Ṣùgbọ́n pé ó fi ohun tí kò yẹ ra àga, ìyẹn ju agbára rẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà fẹ́ràn àga mọ́tò kọjá bó ṣe yẹ kí ọmọlúàbí fẹ́ràn ohun tí wọ́n ń fi ìdí jókòó lé. Nígbà kan tó lọ kí ẹni tí bàbá rẹ̀ kú, ọlọ́fọ̀ fúnra rẹ̀ fi mọ́tò gbé e padà wálé. Ó ṣe àdúà fún òkú, ó ṣe fún alààyè, ó sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́tò, ó tún tẹ orí bọ inú, ó rọra sọ fún ọlọ́fọ̀ náà pé kó má jẹ́ kí àga iwájú yẹn gbẹ báyẹn mọ́, pé ó ti ń là.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Gángan pọ́ńbélé ni. Agboolé tí wọ́n bí i sí náà ló ń gbé, ibẹ̀ náà ló fẹ́ Àdìjátù sí, ibẹ̀ ló bí Ihsan ọmọ rẹ̀ sí. Nígbà tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n fi í sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ kan tó ń rán bàtà ní Olówógbowó. Bàbá náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá sọ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbàgbé. Ó máa ń wí pé awọ ń mí. Ó ní ẹran tó ni awọ ti kú lẹ́ẹ̀kan, bí èèyàn bá wá fi epo dí awọ nímú, ó pa á lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Yẹ̀kínì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ awọ láì rì í sínú omi, bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kó gbẹ níbòòji, àti bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ ní ìpara díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fún ọmọ tuntun lóúnjẹ. Nígbà tí bàtà olówó pọ́ọ́kú láti Ṣáínà wá kún ìlú, bàbá ká ẹ̀rọ ìránbàtà rẹ̀ kò, Yẹ̀kínì sì padà sílé pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, kànìnkànìn àti ìmọ̀ tí kò rí ẹsẹ̀ wọ̀ fún.

Ọmọ kan tó bì sínú mọ́tò ló ṣí ọ̀nà fún un. Bàbá ọmọ náà wá gba bàtà tó fún un ṣe, imú rẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀ nítorí òórùn tó wà nínú mọ́tò rẹ̀. Yẹ̀kínì ní kó jẹ́ kí òun wò ó. Nígbà tó ṣe tán, ọkùnrin náà wọlé, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ pa àga lára bí ẹni ń rẹ ológbò lẹ́kún. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbé mọ́tò wá. Ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ kò ju ìbú jíìpù kan lọ, lẹ́bàá ògiri agboolé wọn, lábẹ́ páànù, torí pé oòrùn kò gbọdọ̀ kan àga tó bá ṣì tutù.

Iṣẹ́ náà ní òfin tirẹ̀. Yẹ̀kínì á kọ́kọ́ wọ inú mọ́tò, á bẹ̀rẹ̀ lórí àga bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i létí. Á fi ẹ̀rọ fa gbogbo ohun tó há sáàárín ìránpọ̀: èèpo ẹ̀pà, bébà súìtì, ìrun àtọwọ́dá tí olúwa rẹ̀ ti ń wá. Á ru ọṣẹ títí á fi di ìfófòó nìkan, á fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ gbé e, á fọ àga bí wọ́n ṣe ń fọ orí ọmọ ọwọ́. Táwẹ̀lì tó fi ń nù ún, yóò fún un títí tí kò ní kán tó mọ́. Yóò dúró kó gbẹ. Ìpara ló kẹ́yìn, ìka ló sì fi ń pa á, ó ń yí i po, ó ń yí i po, títí tí àga á fi mu ún tán. Àdìjátù ìyàwó rẹ̀ ní ọjọ́ tí ọkọ òun bá fi ìdajì sùúrù yẹn bá òun ra ẹ̀yìn, òun á mọ̀ pé Ọlọ́run ti gbọ́ àdúà àwọn ìyá òun.

Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò ẹ̀yìn jókòó. Kò fẹ́ kí wọ́n fín lọ́fínńdà sí àga. Jíbrílù tó ń ta fóònù lọ fi òróró àgbọn ra àga tirẹ̀ torí ó gbọ́ pé ó dára fún awọ, awọ ara èèyàn ni wọ́n sì ń sọ. Eèrà tò wọ mọ́tò náà bí ẹni ń lọ gbé ìyàwó. Odindi ọ̀sẹ̀ ni Yẹ̀kínì kò fi dá a lóhùn ju bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn lọ.

Nǹkan kan ṣoṣo ló wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀, wọn kò kàn mọ̀ ni. Àga mọ́tò kì í bo àṣírí. Ẹni tó ní òun kì í jẹun nínú mọ́tò, ọbẹ̀ á jẹ́rìí lé e lórí. Ẹni tó ní òun nìkan lòun lọ sí Ìbàdàn, páúdà obìnrin á wà lára àga kejì. Àbúrò bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń rán bàtà: ohun tí awọ bá fi hàn ọ́, olówó awọ ló ni ín. Nítorí náà kò sí ẹni tó tíì gbọ́ láti ẹnu Yẹ̀kínì rí pé báyìí-báyìí ni òun bá nínú mọ́tò lágbájá. Àdìjátù pàápàá ti wá a lẹ́nu wò títí, ó ti sú u.

Lára ohun tí àwọn àga ń fi hàn án ni irú ẹni tí àwọn fúnra wọn jẹ́. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní lẹ́dà ní Èkó, rọ́bà ni. Ó ń dán, ó ní ojú wínníwínní bí awọ, ó tiẹ̀ ń rùn bí awọ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò mí rí láyé rẹ̀. Yẹ̀kínì kàn máa ń fọwọ́ kàn án, á mọ̀. Bó bá jẹ́ rọ́bà, á fọ̀ ọ́ bí rọ́bà, á nù ún, á gba owó fífọ̀ nìkan, á ní torí àdúgbò ni. Kò ní sọ fún oní-nǹkan, torí kò sí ẹni tó bi í.

Alhaja Afusat kò bi í. Ó sọ fún un ni.

Alhaja ń ta aṣọ ní ọjà Balógun, ó ti ń tà á láti ìgbà tí ìyá Yẹ̀kínì ṣì ń pọn ọn. Abdulmujeeb ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà ló ra jíìpù fún un, ó fi sọ́kọ̀ ojú omi ránṣẹ́ sí i. Inú ọmọ náà dùn tó fi jẹ́ pé orí fóònù ló ti ń ka ẹ̀yà ara mọ́tò náà fún ìyá rẹ̀ bí ẹni ń ka oríkì, ibi tó sì gùn sí jù ni pé awọ gidi ni wọ́n fi ṣe àga rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Alhaja lára. Àlejò tó bá wá kí i, kó tó jókòó nílé, yóò kọ́kọ́ jókòó nínú jíìpù. Alhaja á ṣílẹ̀kùn fún un, á ní kó gbóòórùn rẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e wá fún Yẹ̀kínì, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àga, ó gbé e kúrò. Ó wo ojú Alhaja, ó rí bó ṣe ń dán ju àga lọ. Ó ní, "Màṣá Àlláhù, Alhaja. Ẹ ó lò ó pẹ́." Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó wá fa ariwo ni wòlímọ̀ Azeemah, ọmọ ọmọ Alhaja tó ka Kùránì parí. Lèmọ́mù mọ́sálásí àdúgbò ló máa ṣe àdúà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Alhaja sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí jíìpù òun gbé e. Lèmọ́mù, tí kì í sábàá wọ mọ́tò ẹnikẹ́ni, gbà. Alhaja rìn lórí afẹ́fẹ́ dé ọ̀dọ̀ Yẹ̀kínì. Ó ní kó fọ àga náà bí ẹni pé òun fúnra òun ni wọ́n fẹ́ wẹ̀. Kò tún wá lọ. Ó dúró tì í, ó ní kó fi ìpara sí i, kó jẹ́ kó mu ún dáadáa.

Kí ni kí rọ́bà ti fi ìpara ṣe? Yẹ̀kínì pa á. Ó yí i po, ó yí i po, ìpara náà wà lójú àga, ó ń wo òun náà. Nígbà tí Alhaja lọ tán, ó rò ó pé bí agbádá Lèmọ́mù bá gúnlẹ̀ sórí ìyẹn, Lèmọ́mù á yọ̀ tẹ̀rẹ́ bọ́ sílẹ̀ níbi àkọ́kọ́ tí awakọ̀ bá ti tẹ bíréèkì. Ó bá fi omi ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ó mú táwẹ̀lì gbígbẹ, ó ń fi agbára nù ún. Rọ́bà tó mọ́ tónítóní, tí èèyàn ń fi aṣọ gbígbẹ họ, mọ igbe í ké. Ó ké.

Dáfídì, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, gbọ́ ọ. Onígbàgbọ́ ni Dáfídì, ẹnu rẹ̀ kì í sì í gbélẹ̀. Ó na ọrùn sókè láti ẹ̀yìn táyà tó ń fún ní atẹ́gùn.

"Bọ̀ọ̀dá Yẹ̀kínì, ẹlẹ́dẹ̀ ta lẹ dè mọ́lẹ̀ níbẹ̀ yẹn? Ẹ fi itan kan sílẹ̀ fún mi o, ata ti wà nílẹ̀."

Yẹ̀kínì, tí kì í ṣeré nínú mọ́tò, ṣeré lọ́jọ́ náà. Ó dáhùn láti inú jíìpù pé odindi rẹ̀ lòun máa fi ránṣẹ́ sí i, pé ọ̀rá rẹ̀ nìkan lòun ń fẹ́.

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Morufat tó ń ta gààrí lódìkejì kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó gbọ́ igbe, ó gbọ́ ìbéèrè, ó gbọ́ ìdáhùn, gbogbo rẹ̀ pé. Kò fi ọ̀rọ̀ kún un. Ó kàn sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ fún ẹni tó wá ra gààrí, ìyẹn náà sì ń gba ọ̀nà ilé lọ. Kí wọ́n tó pe ìrun àlàásàrì, eré ti kúrò nínú rẹ̀, ọ̀rá ló kù.

Ó bẹ̀rẹ̀ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Kọsitọ́mà kan tó ti ní kí Yẹ̀kínì wá fọ àga òun ránṣẹ́ pé òun ti ta mọ́tò náà. Yẹ̀kínì rí i tó ń wà á kọjá lọ́jọ́ kejì, ó yí gíláàsì sókè. Jíbrílù wá, ó rọra bi í bóyá ó fi sí tòun náà, ó ní òun kò ní bínú, òun kàn fẹ́ mọ iye ìrun tóun máa tún kí. Obìnrin kan nínú agboolé tó yá abọ́ Àdìjátù dá a padà, ó ti fi iyẹ̀pẹ̀ fọ̀ ọ́ bí ohun tí ẹlẹ́dẹ̀ kàn. Dáfídì ní tirẹ̀ káàánú. Ó gbéra, ó lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣàlàyé pé àwàdà lòun ṣe. Wọ́n ní òótọ́ ni, ta ni ìbá tún gbèjà ẹlẹ́dẹ̀ bí kò ṣe òun.

Ibi tó wá le sí ni pé Ààfáà Haleem, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe igbákejì fún Lèmọ́mù, ránṣẹ́ sí Alhaja Afusat tìwà-tìwà pé àwọn ti rí mọ́tò míì tó máa gbé Lèmọ́mù lọ síbi wòlímọ̀.

Alhaja dé ibi iṣẹ́ Yẹ̀kínì kí ẹni tó jẹ́ ìránṣẹ́ tó délé. Èrò tẹ̀ lé e, torí èrò kò wọ́n ní Ìsàlẹ̀ Gángan. Ààfáà Haleem náà wà níbẹ̀, Alhaja ló ní kó wá. Alhaja kò pariwo. Ó ní kí Yẹ̀kínì sọ ohun tó wà nínú ike yẹn, lójú gbogbo ayé.

Yẹ̀kínì ṣí ike. Ó ní ìda oyin ni, àti òróró, àti ohun tí wọ́n fi ń jẹ́ kó má bàjẹ́. Òun kọ́ lòun ń pò ó, ọjà lòun ti ń rà á. Ó rí i pé wọn kò gbà á gbọ́. Ó bá ki ìka mẹ́ta bọ inú rẹ̀, ó fi ra ojú, ó fi ra irùngbọ̀n, ó fi ra iwájú orí tó fi ń forí kanlẹ̀. Ó wá dúró níbẹ̀, ó ń dán. Ẹnìkan ní ó yẹ ẹ́. Ẹ̀rín sọ, ọ̀rọ̀ ìpara sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí síbẹ̀.

Ààfáà Haleem kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹni tó fẹ́ kí ohun gbogbo mọ́ ni. Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ó ní òun gbà pé ìpara mọ́. "Ṣùgbọ́n àga yẹn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní awọ ni. Òkè òkun ló ti wá, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun àárọ̀ níbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Yẹ̀kínì, ẹ̀yin lẹ mọ awọ. Awọ ẹran wo ni?"

Gbogbo ojú yí sí i. Ìdáhùn wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan péré ni. Bó bá sọ ọ́, ó bọ́ nìyẹn, àti òun, àti ìpara, àti igbe tí àga ké. Ó wo Alhaja. Alhaja gbé àgbọ̀n sókè, ó ń retí kó pe orúkọ màlúù tó dára kan láti Kánádà, kó sì parí. Láàárín èrò náà, kò tó ẹni méjì tí kò tíì jókòó nínú jíìpù yẹn gbóòórùn awọ gidi.

Yẹ̀kínì ní òun kò lè sọ.

Ìyẹn ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kí ojú rẹ̀ tó gbẹ, wọ́n ti ń túká, olúkúlùkù ti mọ ohun tí kò lè sọ náà.

Nílé, Àdìjátù kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ni Yẹ̀kínì fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti le. Àdìjátù ní ṣé òótọ́ ni pé ẹlẹ́dẹ̀ ni. Yẹ̀kínì ní rárá. Àdìjátù ní kí ló wá dé tí kò sọ ohun tó jẹ́. Yẹ̀kínì ń nu ìpara tó kù ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Bí mo bá tú àṣírí àga Alhaja lójú ọjà, ta ni yóò tún ṣílẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀ fún mi?"

"Bí ẹ ò sì tú u, Bàbá Ihsan, ta ló ń ṣí i fún yín báyìí?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́. Ó rò ó títí, ọ̀nà kan ṣoṣo ló rí: olówó àga ló ni àṣírí, ẹ jẹ́ kí olówó àga gbọ́ ọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbéra lọ sí ọjà Balógun, sí ṣọ́ọ̀bù Alhaja. Alhaja ń fi ìka wo aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já, ó ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ra etí rẹ̀ wò, kò wojú Yẹ̀kínì. Ó jẹ́ kó kí òun títí, kò jẹ́ ẹ. Yẹ̀kínì bẹ̀bẹ̀ pé kí ọmọ tó ń bá a tajà lọ ra omi wá. Nígbà tí ó ku àwọn méjì, ó kúnlẹ̀, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìdúró sọ irú ẹ̀.

"Alhaja, àga jíìpù yín kì í ṣe awọ. Rọ́bà ni."

Ọwọ́ Alhaja dúró lórí aṣọ.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ tó dé."

"O wá ń bá mi fi ìpara ra rọ́bà."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n fi sí i. Mo ti fọ̀ ọ́ kúrò. Fífọ̀ ọ́ kúrò ló mú kó ké."

Alhaja ní irọ́ ni. Ó ní Abdulmujeeb kò ní parọ́ fún òun. Yẹ̀kínì ní bóyá wọ́n pa á fún ọmọ náà ni, pé ẹni tó ń ta mọ́tò kò ní láti jẹ́ ọmọ Èkó kó tó mọ̀ ọ́n pa. Ó ní kí Alhaja má kàn gba òun gbọ́ lásán. Síìpù kan wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, kí wọ́n fà á, kí wọ́n yí ìbòrí àga náà padà, kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀, Alhaja mọ̀ ọ́n ju òun lọ.

Alhaja kò sọ pé òun á wò ó, kò sì sọ pé òun ò ní wò ó. Ó mú aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ká a. Ó ní ọ̀la Jímọ̀ ni, kó máa lọ. Yẹ̀kínì dìde. Ó ń rìn bọ̀ wálé, ó ń rò ó pé òun ti sọ tòun, kò sì sí ohun tó máa mú kí Alhaja sọ ọ́ síta. Àdúgbò tó ti ń fi jíìpù yẹn pe Alhaja ní ìyá olówó, ta ló fẹ́ padà lọ sọ fún wọn pé rọ́bà làwọn ti ń gbóòórùn rẹ̀ látọjọ́ yìí? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ibi tí òun lè kó búrọ́ọ̀ṣì lọ, bóyá Súrùlérè, bóyá ibi tí wọn ò ti mọ òun.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Yẹ̀kínì kírun sí ìlà ẹ̀yìn. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ sáàárín wọn, ẹni tó wà lápá òsì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, tí èèyàn ń wá bàtà, jíìpù dúdú kan ti dúró gbọnyin níwájú ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ́nà kọjá. Gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀. Alhaja Afusat dúró tì í, gèlè rẹ̀ wé bí ẹni ń lọ òde.

Ó ké sí Ààfáà Haleem. Ààfáà wá, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwọn tó ti rí bàtà wọn kò lọ mọ́. Alhaja wá Yẹ̀kínì lójú láàárín èrò, ó fi ìka pè é. Ó ní kó fa síìpù abẹ́ àga ẹ̀yìn.

Yẹ̀kínì wò ó bóyá ó dá a lójú. Ó rí i pé ó dá a lójú. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ lórí àga, ó na ọwọ́ sábẹ́, síìpù fọhùn. Ó fa etí ìbòrí náà jáde, ó yí i padà, ó sì sún sẹ́yìn.

Alhaja bẹ̀rẹ̀. Ó mú etí rẹ̀ sáàárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀, ó ra á wò lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe máa ń ṣe sí aṣọ tí kò dá a lójú lọ́dọ̀ àwọn tó ń já ọjà fún un. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Kò yọ ọwọ́ kúrò títí tó fi nàró.

"Ọmọ mi rà á pé awọ ni," ó ní. "Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Èmi náà sì ti fi pọ́n ara mi títí, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ bọ́ síbí, Ààfáà. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Ààfáà Haleem fọwọ́ kàn án. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà na ọwọ́, ẹnìkan tẹ̀ lé ẹnìkan. Dáfídì tó ti wá dúró lódìkejì ọ̀nà dákẹ́ ní tirẹ̀. Jíbrílù fà á títí Alhaja fi ní kó má ya á. Ẹnìkan bi Yẹ̀kínì lábẹ́lẹ̀ bóyá ó ráyè ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Yẹ̀kínì ní kó kọ́kọ́ yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lápò ẹ̀yìn.

Aṣọ òwú híhun ló wà lẹ́yìn ìbòrí àga náà, rọ́bà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Kò sí awọ ẹran kankan nínú rẹ̀.